Ohun Tí Títi Àràbíyà Kọ́ Mi Nípa Iṣan: Sí Ràfíátù Lórí Yìnyín

Àsísíyà, Mẹ́kà
Lẹ́yìn ìrun àsárì

Ràfíátù mi, Àṣàbí, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé jó,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó bá ọ níbi tí o wà, kó sì wọ inú bàtà rẹ lọ bá ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ, nítorí ìyá rẹ ní ibẹ̀ ni òtútù ti máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ara wa le. Àwọn àlejò Ọlọ́run tó wá ṣe úmúrà, tó wà nínú ilé tí mò ń ṣọ́, ti padà sílùú wọn, àwọn mìíràn kò sì tíì dé, gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ìwé lé orúnkún, mo ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí àwọn ará àtijọ́, pẹ̀lú bírò. Bí mo bá parí rẹ̀, ìyá rẹ á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí ọ.

Mo mọ̀ pé wàá ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò lè fi ohùn ránṣẹ́ ni?" Ohùn ni mo ti ń fi ránṣẹ́ láti oṣù mẹ́ta tí o ti lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé fóònù sẹ́nu, ṣe ni mo máa ń sáré sọ pé a wà dáadáa, kí n tó sọ ohun tó ń dùn mí. Bírò kì í kánjú. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, má bínú. Láti kékeré ni mo ti ń bá ọ sọ Yorùbá tí ìwọ ń fi Lárúbáwá dá mi lóhùn. "Ràfíátù, wá jẹun." "Táyíbù, yàá bàbá," pé ó dáa, bàbá. Síbẹ̀ èmi ni mo kọ́ ọ ní a, b, d nínú yàrá wa ní Hujun, mo sì mọ̀ pé o lè kà á. Ibi tó bá le, kà á sókè, etí rẹ á rántí.

Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn lo kọ̀wé sí mi pé, "Bàbá, mo ti kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ó ku ìdánwò kan ṣoṣo. Ṣé kí n kúkú padà wálé?" O sì fi fídíò kan tì í, níbi tí o ti ń ṣubú.

Iṣẹ́ tí o gbà ní Nọ́wè yìí dùn mọ́ mi. Mo ròyìn rẹ̀ fún Àlàájì tó ń ṣọ́ ilé kejì, mo ní ọmọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ bàtà, síkì ni wọ́n ń pè é, kí wọ́n mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, kí wọ́n máa yọ̀ lọ lórí yìnyín láti òkè dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ kìlómítà. Àlàájì ní, "Ṣé wọn ò ní mọ́tò ni?" Mo ní wọ́n ní. Ó ní, "Kí ló wá dé?" Mo ní ọmọ mi ni wọ́n gbà pé kó máa tọ́jú iṣan wọn, bó ṣe ń tọ́jú ti àwọn aláìsàn ní Jíddà tẹ́lẹ̀. Ẹnu yà á.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé iléẹ̀kọ́ náà ní àfi kí ìwọ fúnra rẹ mọ síkì dójú àmì kí ìgbà òtútù yìí tó tán, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá mọ nǹkan náà kò lè kọ́ ara ẹlòmíràn. Ìdánwò tó kù ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí o bá yege, o di ará ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Bí o kò bá yege, wọ́n ṣì ń fi àyè rẹ pamọ́ ní Jíddà, ìrìn wákàtí kan péré sí ẹnu ọ̀nà mi.

Mi ò tíì dá ọ lóhùn. Ìdí tí mo fi dákẹ́ kò dára, màá sì sọ ọ́ kí n tó gbé bírò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ara mi mọ̀. Ìwọ lo mọ orúkọ gbogbo iṣan tó wà lára ènìyàn. Èmi kàn mọ̀ wọ́n lójú ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ti àràbíyà ní Mọ́sálásí Hárámù, àga onítáyà tí a fi ń ti àwọn arúgbó àti aláìlera yí Káábà ká lẹ́ẹ̀méje, tí a sì fi ń tì wọ́n lọ tì wọ́n bọ̀ láàrin Sáfà àti Máríwà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Jẹ́ ká jọ ṣe é.

Èkíní: má fi apá ṣe iṣẹ́ ikùn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé agbára ni gbogbo ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo tì ni Àlàájà kan láti Ìwó, obìnrin tó sanra dáadáa, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Mo na apá mi méjèèjì tọ̀ọ̀, mo ń ti Àlàájà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tó há. Yíyí kìíní, mò ń sáré. Ìkejì, mò ń sáré. Nígbà tó di ìkẹrin, èjìká mi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Nígbà tí ìkarùn-ún parí, mo dúró. Àlàájà yí ọrùn padà, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n sọ̀kalẹ̀ kí ìwọ bọ́ síbí?"

Bàbá Sàlámì ló gbà mí. Ará Ìsẹ́yìn ni, ó ti ń ti àràbíyà kí wọ́n tó bí mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí àtòrì, kò sì sí ẹni tí kò lè tì. Ó ní, "Wò ó, ìwọ ọmọ yìí, apá kàn ń jíṣẹ́ ni, ikùn ló rán an. Fi ara ṣubú lé àga náà díẹ̀. Kí ikùn kọ́kọ́ dì, kí ẹ̀yìn gbà á lọ́wọ́ ikùn, kí apá wá parí ẹ̀. Kàláàsì, ó tán." Ó gba Àlàájà lọ́wọ́ mi, ó sì parí yíyí méjì tó kù láìmí hẹlẹ.

Nígbà tí o wá ń ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá méjèèjì gún yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà láti ti ara wọn síwájú, èmi nìkan rẹ́rìn-ín. O ní iṣan ikùn ló kọ́kọ́ ń kó ara jọ, tí àyà á fi wó lé ọ̀pá, lẹ́yìn náà ni iṣan fífẹ̀ ti ẹ̀yìn á fa apá wálẹ̀, tí iṣan ẹ̀yìn apá á sì ti ìkẹyìn. O ní ẹni tó bá fi apá nìkan ṣe é, kìlómítà méjì ló máa lọ tí á fi máa wá ìyá rẹ̀. Bàbá Sàlámì kò rí yìnyín rí, àfi èyí tí wọ́n ń kó lé ẹja lọ́jà. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọ̀rọ̀ tó sọ ni wọ́n ń sọ ní Nọ́wè.

Ní ìgbé ayé náà, bẹ́ẹ̀ ni. Má máa fi ohun tó kéré jù lára rẹ ru ohun tó wúwo jù. Bí àárò bá sọ ọ́, má dá a gbé nínú yàrá. Pe ìyá rẹ.

Èkejì: iṣan tó bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi, kódà láàrin iṣẹ́.

O mọ̀ pé fíísà úmúrà ni mo bá wá sílùú yìí. Ó tán, mi ò padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò ní ìkámà, ìwé tó ń fún àlejò láṣẹ láti máa gbé ní ìlú, mi ò sì ní káfílì tó máa dúró fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí láti àárọ̀ dé alẹ́, inú ọwọ́ mi ni ẹ̀rù náà sì ń gbé. Mo máa ń di irin àràbíyà mú gírígírí. Bí mo bá parí iṣẹ́, ìka mi kì í ṣí. Mo gbé ife tíì lọ́jọ́ kan, ife náà bọ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, Bàbá Sàlámì sì ní, "Ta ló ń lé ọ? Tì í, kí o fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó yí fúnra ẹ̀ fún ìṣísẹ̀ méjì, kí o tó tún tì í. Àga náà ní táyà."

Ìwọ náà lo sọ fún mi pé ìgbà tí síkì bá ń yọ̀ lọ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ráyè wọ inú iṣan láti fún un ní oúnjẹ, pé iṣan tó bá dì láìtú máa ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pa. Ó dára. Kí ló wá dé tí ìkúùkù rẹ kì í ṣí nínú fídíò yẹn? Mo wò ó dáadáa. Apá rẹ á lọ sẹ́yìn tán, o ṣì di ọ̀pá mú bí ẹni tó di olè mú. Bí ọwọ́ bá ti kọjá itan, ṣí i. Ọ̀pá náà ní okùn lọ́rùn ọwọ́ rẹ, kò ní sá lọ.

Ìyá rẹ ń kọjá báyìí, ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa rìn díẹ̀, kí o máa ju apá ju ẹsẹ̀ kí ara tó gbóná, kí o tó sáré lórí yìnyín, pé iṣan tútù máa ń já. Ibo ló ti gbọ́ ọ? Ó ti di dókítà. Ó gbé ojú ọjọ́ ìlú rẹ sórí fóònù rẹ̀, lẹ́yìn ìrun sùbúhì ló sì máa ń kéde rẹ̀ fún mi. Àná, mo wọ yàrá rẹ, mo bá a tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ti yí ẹ̀rọ amúlétutù sí ibi tó tutù jù. Mo ní, "Àlàájà, kí lèyí?" Ó ní, "Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é lára ni." Mo jókòó tì í. Àwa méjèèjì jọ ń gbọ̀n nínú oòrùn Mẹ́kà.

Ẹ̀kẹta, má ṣe ìpinnu lọ́jọ́ kejì ìrora.

Ilẹ̀ ibi Sáfà àti Máríwà dà gẹ́rẹ́ ní ìkángun méjèèjì. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ìgòkè ni mò ń bẹ̀rù. Mi ò ka ìsọ̀kalẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan, mo ti bàbá kan tó wúwo lọ tì í bọ̀, ní gbogbo ìsọ̀kalẹ̀ mo ń fi itan dá àga náà dúró kó má sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn, ara mi le koko. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, itan mi kò gbà. Imáámù ti dé sùjúùdù, èmi ṣì ń wá ọ̀nà àtidé ilẹ̀. Mo rò pé àìsàn ni. Mo sọ fún Bàbá Sàlámì pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo fẹ́ padà sí Ìbàdàn. Ó ní kí n tún un sọ lọ́jọ́ karùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, mo ti gbàgbé.

Ìwọ lo là mí lóye lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí o wà ní yunifásítì. O ní iṣan tó bá ń gùn sí i bó ṣe ń fa nǹkan mọ́ra, bíi ti itan nígbà ìsọ̀kalẹ̀, òun ló ń ya wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ jù nínú, tó bá sì jinná, á lágbára ju ti tẹ́lẹ̀. O ní ìrora rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀, ọ̀la ló máa ń dé, ọ̀tunla ló máa ń le jù. Wá wo ọjọ́ tí o kọ ìbéèrè rẹ sí mi, ọmọ mi. Mo padà lọ wò ó. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n mú yín lọ kọ́ ìsọ̀kalẹ̀ lórí òkè gíga ni. Itan rẹ ló kọ lẹ́tà yẹn.

Tí mo bá sì ti wà níbẹ̀: má máa kọ́ ohun tuntun nígbà tó bá ti rẹ̀ ọ́. Ohun tí iṣan bá kọ́ nínú àárẹ̀, àṣìṣe ló kọ́, yóò sì rántí rẹ̀ ju ohun tó tọ́ lọ. Àárọ̀ ni kí o fi kọ́ nǹkan, kí ìrọ̀lẹ́ wà fún ìrìn lásán. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹrin ni èyí tó kàn tàbí ìkarùn-ún, mi ò sì ní padà lọ kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ sí Jíddà, mo bá a lọ. Mo ní kó já mi sí etíkun, níbi tí o ti ń fi síkì onítáyà kọ́ra nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wò ọ́ bíi wèrè. Mo jókòó sórí òkúta fún bíi wákàtí kan. Àwọn ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń sáré kọjá tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé bíi tìrẹ, mo sì dìde kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde. Àárò rẹ ń sọ mí, Àṣàbí. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ó ń sọ mí nínú egungun.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ara a máa kọ́ ohun tí a kò rán an. O mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni a ń gbà yí Káábà ká ní tàwáàfù, Káábà á wà lọ́wọ́ òsì rẹ nígbà gbogbo, òsì lo ó sì máa yà títí. Apá ọ̀tún ẹni tó ń ti àràbíyà ló ń tì jù kí àga lè máa ya. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin láìronú sí i. Lọ́jọ́ kan, mo lọ rán aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Jarwal, ọkùnrin náà wọn èjìká mi lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Yàá ṣéèkì, èjìká rẹ ọ̀tún ti ẹlòmíràn ni." Bí mo bá sì dé Sáfà, níbi tí ọ̀nà ti tọ́ gbọọrọ, àga mi á máa fà sí òsì. Mo fi gbá ẹlẹ́sẹ̀ kan ní gìgísẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ọwọ́ mi méjèèjì lágbára. Ara mi kàn ti gbàgbé pé òun ní apá òsì ni.

Ní báyìí, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ fídíò rẹ.

O ní olùkọ́ rẹ sọ pé nínú ìrìn síkì, gbogbo ara gbọ́dọ̀ wá sórí ẹsẹ̀ kan pátápátá kí ẹsẹ̀ náà tó lè tẹ yìnyín mọ́lẹ̀, kó sì ti ara síwájú, kí gbogbo ara tún wá ṣí lọ sórí èkejì. O ní tìrẹ dára lórí ọ̀tún, ṣùgbọ́n o kì í dúró lórí òsì. O ní wọ́n fi ẹ̀rọ wọn agbára iṣan itan àti ti ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, wọ́n dọ́gba. Olùkọ́ náà ní kò yé òun. Ìwọ náà ní kò yé ọ.

Ó yé mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo fídíò náà ló ti yé mi. O máa ń gbé ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, o sì ti ń gbé e kúrò kí ara rẹ tó dé orí ẹ̀.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́. Ilé wa ní Hujun wà lórí òkè, àtẹ̀gùn òkúta ni a máa ń gùn débẹ̀. Mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́sàn-án, o rí mi láti òkè, o sì ń sáré bọ̀ wá pàdé mi. Ẹsẹ̀ òsì rẹ yẹ̀. O yí gbirigbiri dé iwájú mi. Kí n tó gbé ọ dé ilé, ọrùn ẹsẹ̀ náà ti wú bọ̀mù. Ilé ìwòsàn kan wà nísàlẹ̀ òkè, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo gbé ọ lé èjìká, mo sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn, mo sì dúró. Mo ń ro ìkámà tí mi ò ní. Mo ní bí wọ́n bá béèrè ìwé ńkọ́, bí wọ́n bá mú mi, bí wọ́n bá dá mi padà tí wọ́n fi ìwọ àti ìyá rẹ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lé mi, Ràfíátù. Mi ò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn láti mọ ohun tí wọn ì bá sọ. Ìwọ ń sunkún létí mi, mo sì yí padà, mo gbé ọ gòkè.

Ìyá rẹ fi omi gbígbóná jó o, ó fi òróró ra á, ó fi aṣọ dì í. Oṣù méjì lo fi ń fò lórí ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí o tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún lo ń fi ṣe ohun gbogbo. Òun lo máa kọ́kọ́ fi sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Bàtà ọ̀tún rẹ ló máa ń jẹ kí tòsì tó jẹ, bí mo bá sì béèrè, wàá ní, "Àádì, bàbá," pé kò sí nǹkan kan. Mo ń rí i. Nígbà tí mo gba ìkámà, o ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, o ń sáré, o ń fò, mo ní ó ti tán. Mo ní kí ìyá rẹ má sọ ọ́ mọ́. Ìtìjú ni.

Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Èmi ni mo fún ọ ní kòkòrò náà jẹ, mo sì dákẹ́. Ní ọjọ́ mẹ́wàá yìí, mo tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, èyí ló sì burú jù. Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Mo ní bí mi ò bá sọ, wàá kùnà, bí o bá sì kùnà, wàá wálé. Mo tilẹ̀ lọ sí Hárámù, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní Ọlọ́run, dá ọmọ mi padà fún mi. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo sì ń ran ara mi lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀. Irú ìfẹ́ wo nìyẹn?

Ìyá rẹ ló mú mi. Lánàá, nínú yàrá rẹ, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá Ràfíátù, ẹsẹ̀ yẹn ni, àbí?"

Mo na ọwọ́ kí n gba fóònù náà padà.

Ó ní, "Ẹ sọ fún un. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ títí ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, èmi á sọ ọ́, mi ò sì ní bá yín pín nínú ẹ̀bi ẹ̀."

Wọ́n ní àgbà kì í bẹ ọmọdé. Irọ́ ni. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́ fún àtẹ̀gùn yẹn, mo sì bẹ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá yìí. Bí inú bá bí ọ, jẹ́ kó bí ọ, ó tọ́ sí mi. Má kàn jẹ́ kó pẹ́ kí o tó pè mí.

Ní ti ẹsẹ̀ náà, ìwọ lo mọ̀ jù mí lọ. Jẹ́ kí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yẹ ọrùn ẹsẹ̀ náà wò dáadáa. Máa dá dúró lórí òsì nígbà tí o bá ń fọ ẹnu, lẹ́yìn náà kí o di ojú, lẹ́yìn náà lórí síkì láìsí ọ̀pá, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ ti rìn ju ìdajì ọ̀nà lọ.

Ìbéèrè rẹ wá kù. Ṣé kí o padà wálé?

Gbogbo ara mi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Má dá ara mi lóhùn. Dúró, kí o ṣe ìdánwò náà. Bí o bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe é tí o sì kùnà, wá, màá ti wà ní Jíddà kí ọkọ̀ òfurufú rẹ tó balẹ̀. Bí o bá yege, màá sunkún díẹ̀, màá sì ròyìn rẹ̀ fún gbogbo Àsísíyà. Ṣùgbọ́n má fi ẹsẹ̀ kan kùnà nítorí mi. Iṣan rẹ ti jinná láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ẹ̀rọ wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló kù níbẹ̀, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe tìrẹ. Tèmi ni, èmi ni mo gbé e gòkè pẹ̀lú rẹ lọ́jọ́ yẹn. Dá a padà fún mi, kí o sì gbé gbogbo ara rẹ lé ẹsẹ̀ òsì.

Èmi ni, bàbá rẹ, tó ń retí ohùn rẹ,
Ìbràhímù